Àyè Símẹ́ńtì

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, ìbínú ni mo sì fi ń sinmi. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́ ìbínú kó gbé aṣọ rẹ̀ lọ fún aránṣọ mìíràn, a pọ̀ ládùúgbò.

Lẹ́yìn ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi, kóòtù kan wà níbẹ̀ tí mo fi ọ̀rá bò. Àwọ̀ eérú ni, bọ́tìnnì rẹ̀ dúdú, ọwọ́ ni mo sì fi rán ojú bọ́tìnnì náà nítorí n kò tíì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀rọ nígbà yẹn. Kò sí oníbàárà tí kì í béèrè rẹ̀. Mo máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó ni ín ń bọ̀ wá gbé e. Irọ́ ni. Bàbá wa ló ni ín, wọ́n sì ti kú tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n wọ̀ ọ́, lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n wọ̀ ọ́ wò kí n lè mọ ibi tí màá gé apá rẹ̀ dé.

Èèyàn ò lè sọ ìtàn kóòtù yìí kó má sọ ti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí gbogbo kọ́lékọ́lé mọ̀ sí Ìyá Alápótí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Bàbá.

Awakọ̀ akẹ́rù ni Bàbá. Ẹrù àwọn tó ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn ni wọ́n máa ń kó. Tí wọ́n bá ti jókòó sídìí oúnjẹ, ìráhùn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: "Mo kó bẹ́ẹ̀dì, mo kó àga, mo kó fìríìjì. Lónìí mo kó ìyá àgbà kan tó jókòó sórí àga rẹ̀ tó lóun ò ní dìde. Ó ku yàrá fúnra rẹ̀. Tí wọ́n bá lè dì í fún mi, màá gbé e." Èmi a bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi kì í rẹ́rìn-ín. Ó ti ń rò ó.

Nígbà tó wọ yunifásítì, ìṣàkóso iṣẹ́ ilé kíkọ́ ló lọ kọ́: bí wọ́n ṣe ń ṣètò iṣẹ́, tí wọ́n ń pín òṣìṣẹ́, tí wọ́n ń mọ ohun tó yẹ kó ṣáájú àti ohun tó yẹ kó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá ẹ̀ka náà ni ọkùnrin kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní Rúlà, nítorí rúlà onígi kan tí kì í fi sílẹ̀. Rúlà yìí ló fi ń lu tábìlì, òun ló fi ń nàka séèyàn, òun náà ló sì fi ń họ ẹ̀yìn. Ẹ ó rí i pé n kò pe ọkùnrin yìí ní "wọ́n" bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ju bàbá mi lọ ní kíkàwé. Ẹ bá mi fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí Rúlà máa ń kọ́ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kankan kò sì lè gbàgbé rẹ̀: "Ẹ fi àyè ìka kan sílẹ̀ fún símẹ́ńtì. Níbi gbogbo! Símẹ́ńtì kì í jẹ́ kójú ti bíríkìlà. Búlọ́ọ̀kù tó bá sì gbẹ̀yìn, tí kò bá gba ibẹ̀, gígé là ń gé e." Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Nígbà tó jẹ́ pé búlọ́ọ̀kù ni gbogbo ayé fi ń kọ́lé, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ògiri tó bá wọ́, símẹ́ńtì ni wọ́n á fi tún ojú rẹ̀ ṣe, onílé á kùn ún, kò sẹ́ni tó máa mọ̀.

Lọ́dún tó kẹ́yìn, akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ya ètò bí wọ́n ṣe máa kọ́ ilé alájà kan sórí bébà gígùn, kó gbé e kọ́ ògiri, kó sì dúró níwájú gbogbo kíláàsì láti ṣàlàyé. Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi yà kò rí bíi ti ẹnikẹ́ni. Ó ní kí wọ́n kọ́ yàrá kọ̀ọ̀kan lábẹ́ òrùlé nínú ilé iṣẹ́, pẹ̀lú páìpù rẹ̀, wáyà rẹ̀, fèrèsé rẹ̀, kí wọ́n kùn ún tán, kí ọkọ̀ akẹ́rù gbé e lọ, kí kírénì sì tò wọ́n jọ lórí ara wọn. Òjò ò ní dá iṣẹ́ dúró, kò sì sẹ́ni tó máa ru kọnkéré lórí.

Rúlà wò ó, ó wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ta ni yóò gbé ilé gun orí ilé? Ṣé ìwọ ni, àbí bàbá ẹ?" Gbogbo wọn ló mọ iṣẹ́ Bàbá, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ló máa ń já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì. Ìyẹn náà ò tó o, ó fi rúlà gún bébà rẹ̀. "Àpótí lo fẹ́ máa tà, kì í ṣe ilé. Ìyá Alápótí!" Kíláàsì wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Ó ní kò yege, kó tún ọdún náà kà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà pàápàá ti ń kí i pé, "Ìyá Alápótí, ẹ káàárọ̀ o."

Nígbà tó sọ fún Bàbá nílé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n béèrè. "Ó ní bàbá ẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ti àwo oúnjẹ wọn sẹ́yìn. Mo ti rán kóòtù tí wọ́n máa wọ̀ lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde rẹ̀ tán nígbà yẹn, ó ku bọ́tìnnì kan. Wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Fi kọ́. Ọdún tó ń bọ̀ la ó wọ̀ ọ́, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí." Àsìkò òjò ọdún náà ni wọ́n ṣàìsàn, wọn ò sì dìde mọ́. Ọdún tó ń bọ̀ dé, kóòtù nìkan ló bá.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kò ya fọ́tò. Ṣọ́ọ̀bù mi ló gbà wá tààrà, ó dúró síwájú kóòtù náà, ó ní, "Àbúrò mi, kóòtù yìí ò ní kúrò níbí títí ọkùnrin yẹn yóò fi mọ bó ṣe ń rí kéèyàn fìdí rẹmi lójú gbogbo ayé."

"Àṣẹ," ni mo fi dá a lóhùn, tọkàntọkàn. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò lè gbàgbé.

Ayé sì yí. Àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ ru kọnkéré mọ́, àwọn tó ń wá ilé ń pọ̀ sí i, àwọn tó fẹ́ kọ́lé ò sì ní sùúrù. Ohun tí Rúlà fi ṣe yẹ̀yẹ́ wá di iṣẹ́ gidi. Ẹ̀gbọ́n mi bá àwọn ẹlòmíràn ṣe é títí ó fi dá tirẹ̀ sílẹ̀: ilé iṣẹ́ ńlá kan tí yàrá ti ń jáde bíi búrẹ́dì. Ó ní kí wọ́n kọ ÌYÁ ALÁPÓTÍ sára gẹ́ètì, lẹ́tà rẹ̀ tóbi débi pé akunlé béèrè bóyá àwọn tó wà nínú bàálù la fẹ́ kó kà á. Inú ilé iṣẹ́ náà, lára ògiri tí gbogbo òṣìṣẹ́ ń wò, ó kọ òfin kan síbẹ̀: ẸNI TÓ RÍ ÀṢÌṢE TÓ DÁKẸ́, ÒUN LÓ ṢE É. Iṣẹ́ yẹn ò ní símẹ́ńtì tí wọ́n fi ń bo àṣírí. Kì í sì í ṣe òfin orí ògiri lásán. Ọmọ àǹtí wa rí férémù ìlẹ̀kùn kan tó wọ́, ó dákẹ́ nítorí kì í ṣe òun ló kàn án, ẹ̀gbọ́n mi sì lé e lọ sílé lọ́jọ́ náà. Àǹtí wa ò kí wa mọ́ títí dòní.

Àwọn tí Rúlà kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́ wá síbẹ̀. Wọ́n mọ iye búlọ́ọ̀kù tí ògiri máa jẹ, wọ́n mọ̀ ọ́n tí wọ́n bá ti fojú wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi á ṣí àwòrán ilé fún wọn lórí kọ̀ǹpútà, níbi tí páìpù omi ti ṣìnà gba inú igi àjà kọjá, á ní kí ni wọ́n rí. Wọ́n á ní ó rẹwà. Àwọn ilé iṣẹ́ yòókù náà ń ráhùn, wọ́n ní àwọn ò gba ọmọ yunifásítì yẹn mọ́. Nígbà tí ẹ̀gún wọ ọ̀gá àgbà yunifásítì lẹ́sẹ̀, ó kó ìgbìmọ̀ jọ láti tún ètò ẹ̀kọ́ ìṣàkóso iṣẹ́ ilé kíkọ́ ṣe, kó lè bá ayé mu. Ẹ ò ní gbà gbọ́, ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n fi ṣe alága.

Ìdí ẹ̀rọ ni mo wà nígbà tó wá sọ fún mi. Mo gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo ní, "Ẹ̀san ò gbóògùn!"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni," ló wí.

Mi ò ní sọ pé kò ṣiṣẹ́ o. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa. Ó yọ bébà gígùn kúrò, ó fi kíka ilé lórí kọ̀ǹpútà rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ̀ ẹrù, torí yàrá tó máa kọ́kọ́ sọ̀ lọ́kọ̀ ló gbọ́dọ̀ gùn ún kẹ́yìn. Ó ní kí wọ́n wà nílé iṣẹ́ kí wọ́n sì máa fọwọ́ kan nǹkan. Àárín gbogbo ohun rere yìí ló wá ki pańpẹ́ bọ̀. Ó ní olùkọ́ tó bá fẹ́ máa kọ́ àwọn ọmọ ọdún àṣekágbá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kó wọn wá sí ilé iṣẹ́, kó bá wọn ṣètò àjà kan, kí kírénì tò ó níṣojú gbogbo èèyàn. Bó bá dúró, gbogbo wọn yege. Bí kò bá dúró, gbogbo wọn yóò tún ọdún kà. Máàkì kan náà ni olùkọ́ àtàwọn ọmọ yóò gbà.

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ béèrè ìdí tí máàkì fi máa jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Tí òrùlé bá wó, ṣé ó máa ń yan ẹni tó máa wó lù?" Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kò fẹ́ kí Rúlà rí ọmọ kankan tó máa di ẹ̀bi rù. Òpin ọdún ẹ̀kọ́ yẹn sì ni Rúlà máa fẹ̀yìn tì. Bó bá fìdí rẹmi, kò ní sí ọdún tó máa fi tún un ṣe.

Rúlà gbà tìdùnnú tìdùnnú. Ó ní òun ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí àwọn tó ni ẹ̀rọ. Lọ́jọ́ tó kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé gẹ́ètì, ó ka lẹ́tà ńlá yẹn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìyá Alápótí! Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yìí o, àbí o ti gbàgbé? Ẹ̀yin ọmọ, akẹ́kọ̀ọ́ mi nìyí. Èmi ni mo là á lójú." Ẹ̀gbọ́n mi fi eyín rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n máa wọlé.

Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn kò le. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ náà, pèpéle kọnkéré gígùn kan wà láàárín ògiri méjì tó ti dúró sí orí àti ìdí rẹ̀. Yàrá ni wọ́n máa tò sórí rẹ̀, tí wọ́n á fara kanra láti ògiri kìíní dé ìkejì. Ohun tó kù ni kí wọ́n sàmì ibi tí yàrá kọ̀ọ̀kan máa jókòó sí, kí wọ́n sì ri irin ìjókòó rẹ̀ mọ́lẹ̀. Rúlà bọ́ kóòtù rẹ̀, ó na téèpù. Láàárín yàrá kan àti èkejì, ó ń fi ìka kan sílẹ̀ fún símẹ́ńtì.

Símẹ́ńtì wo? Irin ni wọ́n fi ń de yàrá wọ̀nyẹn mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti ń ṣe nǹkan láti ìgbà èwe kì í dúró gba àṣẹ lẹ́nu orí. Nígbà tó dé ìkẹyìn, tó rí i pé àyè tó kù ti dín, ó ní, "Kò séwu, ẹ̀yìn-ọ̀la la ó mọ bí a ó ṣe há a," ó sì gbọn ọwọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ yẹn ni mo gbé aṣọ iṣẹ́ tí mo rán fáwọn òṣìṣẹ́ lọ síbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fà mí wọ ọ́fíìsì rẹ̀, ojú rẹ̀ ń tàn bí ojú ọmọdé tó jí súgà jẹ. "Ìka kan, àbúrò mi! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀. Ó fi ìka kan sílẹ̀!" Bí a ṣe ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn. Ọmọbìnrin kan ni, akẹ́kọ̀ọ́ Rúlà, ó kéré débi pé Bíńtín làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é.

"Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, àmì tí a sà síta yẹn ò bá àwòrán mu. Ìka kan wà láàárín yàrá kọ̀ọ̀kan, kò sì sí símẹ́ńtì tó máa wọ ibẹ̀. Yàrá tó kẹ́yìn ò ní wọlé."

"Ṣé o ti sọ fún olùkọ́ ẹ?"

"Mo sọ fún wọn, Mà. Wọ́n ní ṣé èmi ni màá kọ́ àwọn ní símẹ́ńtì ni."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ojú fèrèsé. Wọn ò tíì ri irin kankan mọ́lẹ̀ nígbà yẹn, omi àti búrọ́ọ̀ṣì lásán ti tó láti nu àmì náà. "Ohun tí olùkọ́ ẹ bá ní kí o ṣe ni kí o ṣe," ló wí. Ọmọ náà tẹ̀ lé ojú rẹ̀ wo àmì náà níta. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ ṣé, Mà," ó sì jáde.

"Ẹyẹ kì í sọ fẹ́yẹ pé òkò ń bọ̀," ni mo wí, a sì bọwọ́.

Lọ́jọ́ kírénì, èèyàn pé. Ọ̀gá àgbà yunifásítì wà níbẹ̀, àwọn olùkọ́, àwọn òbí, àwọn oníròyìn. Kírénì gbé yàrá àkọ́kọ́ sọ̀, ó jókòó. Ó gbé èkejì, ó jókòó, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ ń yọ láàárín àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tò wọ́n lọ, tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ, títí ó fi ku ọ̀kan. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó gbá ògiri, ó dúró sínú afẹ́fẹ́. Wọ́n yí i síhìn-ín, wọ́n yí i sọ́hùn-ún. Kò wọlé. Yàrá odindi, pẹ̀lú fèrèsé àti kọ́tìnnì rẹ̀, ń mì lókè bí aṣọ tí wọ́n sá.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Rúlà. Ẹ̀gbọ́n mi rìn lọ bá a, ó sì gbóhùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Ọ̀gá, ó kù díẹ̀ kó wọlé. Ṣé ká bá yín gé e ni? Ṣebí búlọ́ọ̀kù tó bá gbẹ̀yìn, gígé là ń gé e."

Ẹ̀rín sọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́ tó ti di olùkọ́ ń fi ìwé bo ẹnu.

"Ta ni yóò gbé ilé gun orí ilé, ọ̀gá? Ṣé ẹ̀yin ni, àbí bàbá yín?"

Ẹ̀rín dá. Àgbàlagbà onírun funfun ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ sí. Rúlà wá ń fi rúlà rẹ̀ gbá itan bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sáwọn èèyàn, ó ní, "Kò dúró. Gbogbo wọn yóò tún ọdún kà." Ká má purọ́, inú mi dùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ ṣí ọ̀rá kúrò lára kóòtù Bàbá, mo gbé irin ìlọṣọ sórí iná.

Ọjọ́ kejì, bí mo ṣe ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, obìnrin kan ti dúró síta. Mo mọ̀ ọ́n. Ó ń gbálẹ̀ ní ilé ìwòsàn, mo sì ti rán gáùn aláwọ̀ aró kan fún un tí yóò wọ̀ lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ rẹ̀. Mo ní kó wọlé kó wá gbé e wọ̀ wò. Ó wọ̀ ọ́, ó sì fẹ̀ jù fún un. Mo fa téèpù yọ, mo wọn ìbàdí rẹ̀. Téèpù kì í bójú wo ẹnikẹ́ni: obìnrin náà ti rù gan-an láàárín àkókò díẹ̀, owó oúnjẹ rẹ̀ ló fi ń san owó ìwé ọmọ. Mo ní kó jẹ́ kí n bá a rán ìbàdí rẹ̀ wọlé.

"Ẹ má wulẹ̀ ṣe wàhálà," ó ní. "Ẹ bá mi fi kọ́. Ọdún tó ń bọ̀ la ó wọ̀ ọ́, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí."

Mi ò béèrè, òun fúnra rẹ̀ ló ń sọ ọ́. "Ọmọ mi rí àṣìṣe yẹn o. Ó sọ fún olùkọ́ wọn, wọ́n lé e. Ó tún lọ bá obìnrin tó ni ilé iṣẹ́, ìyẹn ní kó lọ ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Àgbà méjì, Àǹtí aránṣọ! Láti àná kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀."

Ìṣó kan ṣoṣo ló ṣófo nínú ṣọ́ọ̀bù mi, ẹ̀gbẹ́ kóòtù Bàbá ló sì wà. Ibẹ̀ ni mo fi gáùn náà kọ́.

Ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n mi wá gbé kóòtù náà. Ó fẹ́ gbé e sílé rẹ̀, sí ibi tí fọ́tò Bàbá wà. Ó nawọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ kan gáùn.

"Ti ta lèyí?"

Irọ́ wà lẹ́nu mi, kò jáde. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan "tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì oníbàárà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ni mo wí. "Rúlà ló fa gbogbo ẹ̀. Ẹ kúkú yọ ọmọ yẹn sọ́tọ̀, kó yege."

"Kò ṣeé yọ. Máàkì kan náà ni mo kọ fún gbogbo wọn. Tí mo bá gbé ọmọ yẹn sókè, mo ti gbé Rúlà náà nìyẹn."

"Nígbà náà kó tún un kà! Ọdún kan ò pa èèyàn."

Mo sọ ọ́ tán kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ. Ẹ̀gbọ́n mi wo kóòtù, ó wo gáùn, kò wo èmi. "Ọdún kan náà ni Bàbá sọ," ló wí. Ó dìde, ó lọ, kò gbé kóòtù náà.

Ó pe ìgbìmọ̀ sí ilé iṣẹ́, ó pe Rúlà àtàwọn ọmọ rẹ̀, ó sì kó gbogbo wọn dúró síwájú ògiri tí òfin rẹ̀ wà. Ó pe Bíńtín sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀. "Mo rí àṣìṣe náà kí wọ́n tó ri irin mọ́lẹ̀," ó ní. "Ọmọ yìí tún wá sọ fún mi. Mo dákẹ́, torí mo fẹ́ kójú ti olùkọ́ rẹ̀. Ẹ ka ohun tó wà lára ògiri. Èmi ni mo ṣe é." Ẹni tó ń wa kírénì, tí kì í sọ̀rọ̀, ṣí fìlà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ipò alága sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí ọmọ àǹtí wa tó lé lọ, ó ní kó máa bọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ìyẹn sì rẹ́rìn-ín títí ó fi dé.

Ìgbìmọ̀ gbà kí wọ́n tún un tò: wọ́n yọ irin, wọ́n tún àmì sà. Bíńtín ló ka ìwọ̀n lọ́tẹ̀ yìí, yàrá ìkẹyìn sì wọlé bí ọwọ́ ṣe ń wọ apá aṣọ. Gbogbo wọn yege. Mo rán ìbàdí gáùn aláwọ̀ aró wọlé, ìyá Bíńtín wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde, ó jó níbẹ̀ débi pé ojú rírán já.

Èmi ò jó o. Rúlà náà yege. Kàkà kó dákẹ́, ó ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé, "Ẹ̀yin náà rí i, àṣìṣe náà kì í ṣe tèmi. Alága fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́." Yunifásítì ní àwọn máa ṣe ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì fún un. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ ò ní tán léèékánná.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí Ọlọ́run ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Rúlà wá rán kóòtù àti ṣòkòtò ayẹyẹ náà lọ́dọ̀ mi. Kò mọ̀ mí rí. Ìyá Bíńtín tó yin iṣẹ́ mi lójú rẹ̀ ló júwe ibẹ̀. Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn apá. Ó rí kóòtù aláwọ̀ eérú lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

"Èyí dára o. Ti ta ni?"

"Ti bàbá mi, sà. Awakọ̀ akẹ́rù ni wọ́n."

"Kí ló dé tí wọn ò wá gbé e?"

"Ibi ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ọmọ wọn ni wọ́n fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Olùkọ́ kan fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú kíláàsì, ó ní kó tún ọdún kan kà. Wọ́n kú kí ọdún náà tó pé."

Mo ń wo ojú rẹ̀. Mo ń retí pé kó yí padà. Ó mi orí, àánú gidi ló ṣe é. "Kò dáa," ó ní. "Kò dáa rárá. Irú olùkọ́ wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ?"

Abẹ́rẹ́ kún ẹnu mi, òun ni kò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo wọn ìbàdí rẹ̀.

"Má jẹ́ kó fún mọ́ mi o, ìyàwó," ó ní. "Fi àyè sílẹ̀. Ìka kan."

Mo yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu. "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà."

Nígbà tó lọ tán, mo tẹ́ aṣọ sórí tábìlì, mo gbé àlùmọ́gàjí, mo sì yọ ìka kan kúrò. Mo tún un rò, mo fi ìka kejì kún un, ti Bàbá.

Òwúrọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ gan-an ló rán èèyàn wá gbé e, bí mo ṣe fẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ nítorí wọ́n pè é, ó sì jókòó lẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí wọ́n tú ká, ó yà sọ́dọ̀ mi, ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì.

"Àbúrò mi, kí lo ṣe sí ṣòkòtò ọkùnrin yẹn? Látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ kò jókòó. Wọ́n gbé àga fún un, ó ní rárá. Wọ́n ka ìtàn ayé rẹ̀ títí, wọ́n yìn ín títí, ó dúró gbọn-in bí òpó, ó ń làágùn. Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gba ẹ̀bùn, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ bó ṣe ya fàà."

"Àyè símẹ́ńtì," ni mo wí. "Mo bá a yọ ọ́."

Ó wò mí. Ẹ̀rín tí kò rín lọ́jọ́ tí Bàbá sọ ti ìyá àgbà orí àga bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, omi náà ò sì dá nígbà tí ẹ̀rín dá. Mo gbé kóòtù aláwọ̀ eérú sọ̀ kalẹ̀, mo tẹ́ ẹ sórí itan rẹ̀.